Ibà Lọ, Kòkòrò Kò Lọ

Obìnrin aládìrẹ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ló kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ yìí. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ibà gbé ọkọ rẹ̀ dè, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, nǹkan sì sú sí i lára. Àyẹ̀wò HIV tí wọ́n ṣe fún un lọ́sẹ̀ náà kò rí nǹkan kan. Oògùn ibà àti agbo ni wọ́n lò, kò sì pẹ́ tí ara fi yá. Àfi bí àyẹ̀wò oṣù tó kọjá ṣe sọ pé HIV wà. Ta ló parọ́?

Kò sẹ́ni tó parọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun ìjà tí ara rọ láti fi bá a jà ló ń wá. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn.

Ogun ti ń jà nínú ara ní gbogbo àkókò yẹn. Ní Uganda, Kenya, Tanzania àti Thailand, àwọn olùwádìí ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lára àwọn tí ewu HIV wà lọ́rùn wọn, kí wọ́n lè ká kòkòrò náà mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2016 fi hàn pé ní nǹkan bí ọjọ́ 13 sí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, kòkòrò ti pọ̀ dé góńgó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 31, ó ti wálẹ̀, ó sì dúró síbì kan.

Kì í ṣe agbo ló mú un wálẹ̀. Àwọn sójà ara tí wọ́n ń pè ní CD8 ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀. Bí ibi tó dúró sí bá ga, àrùn éèdì á tètè dé. Bó bá lọ sílẹ̀, ó lè pẹ́ lọ́dún púpọ̀. Àwọn tí sójà wọn lè ká a lọ́wọ́ kò láìlo oògùn kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àní nígbà tí ibà ń lọ yìí, kòkòrò ti pa ọ̀pọ̀ sójà CD4 tó wà lára ìfun, ìyẹn kì í sì í tètè padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀gbá kò lè gbàgbé Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkòyè Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera, ló sọ ọ́ ní gbangba pé éèdì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà. Ìgboyà ńlá ni, nítorí lásìkò yẹn, oògùn tó lè ran sójà ara lọ́wọ́ kò tíì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ní 2015, ìwádìí START fi hàn pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ńlá ju ẹni tó dúró kí sójà rẹ̀ kọ́kọ́ dínkù lọ. Ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo ẹni tó bá ní in bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, wọ́n sì ń fún èèyàn ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà.

Kí ọkọ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lónìí. Ní ti ìyàwó, bí wákàtí 72 kò bá tíì kọjá tí wọ́n bá ara wọn sùn kẹ́yìn, kó sáré lọ ṣe àyẹ̀wò, kó sì béèrè oògùn ìdènà tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 28. Bí ó bá ti kọjá, kó ṣáà lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Bí kò bá rí nǹkan kan, kó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa lo kọ́ńdọ̀mù títí àyẹ̀wò ọkọ yóò fi fi hàn pé kòkòrò kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò kankan kò ní sọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o wọlé fún wọn.