Orúkọ àti Òṣùwọ̀n: Èròjà inú Lẹ́búlẹ́bú Kòkó

Fún àgbẹ̀ tí ń ṣe kòkó ní Ìbefún, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, fífọ́ yàtọ̀ sí bíbò, bíbò sì yàtọ̀ sí sísá. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún onímọ̀ ìperí, nítorí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ipa tirẹ̀ lórí pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù, èròjà àdánidá tí ó wà lára ohun tí ń mú kí kòkó tútù korò.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó, ooru àti kíkan a pa hóró rẹ̀. Pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di èròjà mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú. Sísá àti yíyan tún ń dín in kù. Lẹ́yìn èyí ni a ń fún òróró rẹ̀ kúrò, tí a sì ń lọ ìyókù di lẹ́búlẹ́bú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa fi álíkálì sí i kí ó lè dúdú, kí kíkan rẹ̀ sì rọlẹ̀. Kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà jẹ́ irú álíkálì kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo álíkálì ni kán-ún. Nítorí náà, ‘kòkó alálíkálì’ péye ju ‘kòkó oníkán-ún’ lọ. Nínú ìwádìí tí Kenneth Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008, fíláfánọ́ọ̀lù, tí í ṣe ẹ̀yà kan pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù, jẹ́ mílígíráàmù 34.6 ní ìpíndọ́gba nínú gíráàmù kan lẹ́búlẹ́bú tí kò ní álíkálì. Nínú èyí tí álíkálì rẹ̀ kéré, ó jẹ́ 13.8, nínú èyí tí ó pọ̀ jù, 3.9 péré ni.

Ọ̀nà Folin-Ciocalteu a máa sọ omi àyẹ̀wò di búlúù, ẹ̀rọ a sì wo bí àwọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n fítámì C àti àwọn ṣúgà kan lè fa àwọ̀ yìí pẹ̀lú. Ẹ̀rọ HPLC ní tirẹ̀ a máa ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó wọ̀n wọ́n.

Bí atúmọ̀ èdè bá pe àbájáde méjèèjì ní ‘èròjà aṣaralóore’, òǹkàwé yóò fi gààrí tí a fi kóńgò wọ̀n wé èyí tí a gbé sórí ìwọ̀n. ‘Àpapọ̀ pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù’ ni ó tọ́ fún ti àkọ́kọ́, ‘ìwọ̀n fíláfánọ́ọ̀lù’ fún èkejì. Kí a sì dárúkọ ọ̀nà tí a gbà wọ̀n ọ́n.