Àmì Omi Lára Ògiri Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rẹ́

Másọ̀ǹ ti rẹ́ ilé tán, ó ti gbowó rẹ̀ lọ. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, apá kan ògiri ti gbẹ, apá kan ṣì dúdú bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i. Onílé á fẹ́ sáré ra ọ̀dà láti fi bò ó. Ẹ má tíì rà á o.

Omi ni wọ́n fi po sìmẹ́ńtì, omi náà sì gbọ́dọ̀ jáde. Ibi tí ògiri ti kó sínú, sìmẹ́ńtì á nípọn níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gbẹ kẹ́yìn. Bí àmì náà bá ń kéré sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ mú sùúrù. Ó kéré tán, ẹ fún un ní ọjọ́ 28. Lọ́dọ̀ wa ní Pobè àti Sakété, èyí tí wọ́n bá rẹ́ lásìkò òjò ńlá tàbí àrọ̀kúrò máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀yẹ́ ní tirẹ̀ a máa gbẹ ẹ́ jù, nítorí náà ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má baà sán.

Èyí tí kò kéré lẹ́yìn gbogbo ìyẹn la ó wò dáadáa. Bó bá wà lókè tó sì ń gbòòrò lẹ́yìn òjò, ẹ wo ojú ìṣó lórí páànù. Bó bá wà nísàlẹ̀, tí ohun funfun bí iyọ̀ ń hù lára rẹ̀, omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin mọ́ ògiri. Ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sáàárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ló ti wá. Bó bá jẹ́ òde ọ̀rá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ni: bóyá ẹ ń dáná níbẹ̀, tàbí ẹ ń sá aṣọ tútù síbẹ̀.

Ilẹ̀ pupa tiwa yìí a máa mu omi pamọ́. Sìmẹ́ńtì kò sì jìnnà sí wa, Onigbolo tí wọ́n ti ń ṣe é wà lábẹ́ Pobè níbí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi rẹ́ ilé amọ̀ àtijọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ògiri amọ̀ a máa mí. Bí sìmẹ́ńtì bá dí i lójú, omi á há sínú, amọ̀ á rọ̀, sìmẹ́ńtì á sì máa ṣí bọ́ lódindi. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀.

Ọ̀dà kò wo omi ilẹ̀ sàn, yóò kàn wú ni. Ẹ kó ilẹ̀ tó ga ju ilẹ̀ yàrá lọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹ fi kọnkéré tẹ́ ẹ̀bá rẹ̀ kó dagẹ̀rẹ̀ sóde, kí omi páànù má baà máa ta ẹrẹ̀ pupa sí i. Ẹni tí kò tíì kọ́lé, kó tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kí bíríkì àkọ́kọ́ tó gorí rẹ̀. Kó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ́ ẹ lẹ́yìn náà láìgé ògiri.