Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àtúnṣe Ọwọ́-Àyí Epo Alùpùpù Fẹ́sípà

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé èdè Yorùbá tó ó fi kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Iṣẹ́ mẹkáníìkì kò sí lára ohun tí ìwé náà dá lé lórí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ohun tí ó wọ́n níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí í tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo.

Àpẹẹrẹ tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni àwọn ẹ̀yà alùpùpù Fẹ́sípà àtijọ́ tí ẹni tí ó gùn ún fi ń pinnu bí ẹ́ńjìnì yóò ti sáré tó. Àpẹẹrẹ náà bá agbègbè olókè mu gidigidi, irú èyí tí Imeri wà nínú rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìperí kò gbọdọ̀ ní ìtumọ̀ méjì níbi tí ewu bá wà.

2. Alùpùpù náà àti bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ Piaggio ni ó gbé Vespa jáde ní ilẹ̀ Ítálì ní 1946. Corradino D'Ascanio ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Ítálì ni agbọ́n. Nílẹ̀ Yorùbá, Fẹ́sípà ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùkọ́, oníwàásù àti akọ̀wé ìjọba wà lára àwọn tí wọ́n gùn ún ní àwọn ọdún 1960 àti 1970.

Ibi ìdìmú méjèèjì tí ó wà lórí ọ̀pá-ìdarí rẹ̀ ni ó ṣe é yí. Ti òsì, tí kíláàṣì wà lára rẹ̀, ni a fi ń yí jíà. Ti ọ̀tún ni a fi ń mú kí ẹ́ńjìnì sáré. Bí a bá yí ti ọ̀tún, okùn irin kan tí ó gba inú ọ̀pá-ìdarí kọjá sí inú ara alùpùpù yóò fa ilẹ̀kùn kékeré inú kábúrétọ̀ ṣí. Epo àti afẹ́fẹ́ yóò wọlé sí i, ẹ́ńjìnì yóò sì sáré. Bí a bá dẹwọ́, sípíríǹgì ni yóò dá ilẹ̀kùn náà padà.

3. Àléébù àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

(a) Tírọ́tù: Ọ̀rọ̀ àyálò yìí ń tọ́ka sí ibi ìdìmú, sí okùn àti sí ilẹ̀kùn inú kábúrétọ̀. Ọmọ-iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ fún pé ‘tírọ́tù ti há’ kò lè mọ èyí tí yóò tú.

(b) Iná: Awakọ̀ tí ó bá ń sáré ni wọ́n máa ń sọ pé ó ‘tẹná’. Ṣùgbọ́n iná náà ni ti gílóòbù iwájú, iná náà sì ni èyí tí í ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. ‘Kò níná’ di àrùn mẹ́ta lórí alùpùpù kan.

(d) Wáyà: Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún okùn tí à ń fà àti èyí tí mànàmáná ń gbà kọjá.

(e) Ìjánu: Ó lè wu olùtumọ̀ láti lo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìjánu ni a fi í kápá ẹṣin. Ṣùgbọ́n bíréèkì ni ìjánu ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ìwé ìtọ́ni bá fi ọ̀rọ̀ tí í dá ọkọ̀ dúró pe ohun tí í mú un sáré, kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó rọ́pò wọn

Ọwọ́-àyí epo: ibi ìdìmú ọ̀tún. ‘Ọwọ́-àyí’ nìkan kò tó, nítorí pé ọwọ́-àyí jíà wà ní òsì.
Okùn-ìfà: okùn irin onífọ́nrán púpọ̀ tí ọwọ́-àyí ń fà.
Akọ̀ okùn: ohun tí okùn-ìfà ń gba inú rẹ̀ lọ, tí ó sì ń gba inú rẹ̀ bọ̀, gẹ́gẹ́ bí idà ti í ṣe nínú akọ̀.
Àdàlù: epo àti afẹ́fẹ́ tí ó ti dà pọ̀ nínú kábúrétọ̀.
Epo-àpòpọ̀: bẹntiróòlù tí a po ọ́ìlì mọ́ nínú táǹkì. Kí a má ṣe pe èyí ní àdàlù.
Ilẹ̀kùn-àdàlù: èyí tí ó ń díwọ̀n àdàlù tí yóò wọ ẹ́ńjìnì.
Sípíríǹgì ìdápadà: èyí tí ó ń ti ilẹ̀kùn-àdàlù padà.
Ìdẹ̀: àyè díẹ̀ tí okùn-ìfà gbọ́dọ̀ ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí fa ilẹ̀kùn.

5. Lílo àwọn ọ̀rọ̀ náà fún àtúnṣe

Kí oníṣẹ́ pa ẹ́ńjìnì, kí ó yí ọwọ́-àyí epo dé òpin, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá dá padà fúnra rẹ̀, ibi mẹ́ta ni yóò wò tẹ̀lé ara wọn.

Èkíní, kí ó tú okùn-ìfà kúrò lára kábúrétọ̀, kí ó fi ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn-àdàlù, kí ó sì fi í sílẹ̀. Bí kò bá padà kíá, ìdọ̀tí ti há a, tàbí sípíríǹgì ìdápadà ti rọ̀. Èkejì, kí ó tú okùn náà lápá òkè, kí ó sì yí ọwọ́-àyí. Bí ó bá wúwo, ìpẹtà tàbí gírísì gbígbẹ ni. Kí ó nù ún, kí ó sì fi gírísì tuntun sí i. Ẹ̀kẹta, bí méjèèjì bá dára, okùn-ìfà tàbí akọ̀ rẹ̀ ni ó kù. Fọ́nrán kan tí ó já tó láti gbé okùn há.

Bí akọ̀ bá ṣì dára, kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó fa okùn àtijọ́ jáde, kí ó sì ti òmíràn tí a fi gírísì pa wọlé. Bí akọ̀ pàápàá bá ti bàjẹ́, kí ó má tíì fa okùn àtijọ́ jáde: òun ni yóò fi ọ̀nà han akọ̀ tuntun nínú ara alùpùpù.

Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ìdẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi jíà sí àárín, kí ó ṣí ẹ́ńjìnì, kí ó sì yí ọ̀pá-ìdarí sí òsì àti ọ̀tún. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá ròkè nígbà tí ó ń yí i, akọ̀ kúrú tàbí ohun kan fún un mọ́. Alùpùpù náà kò tíì yẹ ní gígùn.

6. Àǹfààní rẹ̀ fún olùkọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ iṣẹ́ ohun kan a máa la òye ọmọ-iṣẹ́. Inú epo-àpòpọ̀ ni ọ́ìlì tí ń tọ́jú písítìnnì Fẹ́sípà àtijọ́ wà: ìdá 5 nínú 100 ní àwọn irú kan, ìdá 2 ní àwọn tí ó dé lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹni tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè gígùn ní apá Imeri bá pa ilẹ̀kùn-àdàlù dé, tí jíà sì ń yí ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì tí ó ń wọlé kò pọ̀ mọ́. Ó yẹ kí ó máa fa kíláàṣì lóòrèkóòrè. Ẹni tí ó gbọ́ ‘tírọ́tù’ nìkan ní láti há èyí sórí. Ẹni tí ó gbọ́ ‘ilẹ̀kùn-àdàlù’ lè rò ó dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bákan náà ni pé bí okùn-ìfà bá há lójú ọ̀nà, kíláàṣì ni yóò kọ́kọ́ fà, kí ó tó pa ẹ́ńjìnì.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ-iṣẹ́ agbègbè náà ni Yorùbá jẹ́ èdè abínibí fún. Ní Ìdóàní, fún àpẹẹrẹ, àwọn kan ń sọ Iyayu, tí ó bá èdè Ẹ̀dó tan. Okùn, akọ̀ àti ilẹ̀kùn kò ṣòro fún irú wọn láti mọ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Kò pọn dandan láti lé gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò jáde. Jíà, kíláàṣì, kábúrétọ̀ àti sípíríǹgì dúró nínú àpilẹ̀kọ yìí nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tọ́ka sí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùtumọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé: bí ọ̀gá bá pe ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀yìn alùpùpù, ṣé ohun tí ó fẹ́ gan-an ni ọmọ-iṣẹ́ yóò fọwọ́ kàn?