Ta Ni A Ń Bá Jẹun?

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 11:1-12; Gálátíà 2:11-14
Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Kọ́ríńtì 10:31

Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ àwọn Júù tó ń pa òfin mọ́ lónìí, yálà ní Jerúsálẹ́mù tàbí ní New York, ẹ kò ní rí ẹja àrọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí edé tàbí igbín. Ẹja tí kò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́, èèwọ̀ ni fún wọn.

1. Ohun tó wà lórí tábìlì
Kosher ni wọ́n ń pe oúnjẹ tó bá òfin wọn mu. Ilé oúnjẹ tó ń ta ẹran kì í ta wàrà. Bí ẹ bá jẹ ẹran tán, tí ẹ ní kí wọ́n fi mílíìkì sí tíì yín, ẹ kò ní rí i. Èyí tó ń ta wàrà kì í sì í ta ẹran, àmọ́ ó lè ta ẹja àti ẹyin. Inú òfin tó kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti se ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá rẹ̀ (Ẹ́kísódù 23:19) ni wọ́n ti fa èyí yọ. Alábòójútó kan wà tó ń ṣọ́ ilé ìdáná: ó ń wo ibi tí ẹran ti wá, ó ń yẹ ẹ̀fọ́ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run ń wo abọ́ oúnjẹ. Àwa ńkọ́? Ṣé inú ìsìn nìkan la ti ń rántí Rẹ̀?

2. Ẹni tó wà nídìí tábìlì
Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé jẹun níbẹ̀. Wọn kì í béèrè ẹ̀yà lẹ́nu ọ̀nà. Oúnjẹ ni òfin náà ń ṣọ́. Ní Áńtíókù, Pétérù ti ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun. Nígbà tí àwọn kan ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù dé, ẹ̀rù bà á, ó fà sẹ́yìn. Bánábà pàápàá bá wọn lọ. Pọ́ọ̀lù kò bá a wí nítorí ohun tó jẹ. Nítorí àwọn tó fi sílẹ̀ ni.

3. Tábìlì tiwa
Àwa ń jẹ ẹja àrọ̀, a ń jẹ igbín, ṣùgbọ́n a mọ ògiri mọ́ ara wa. Lẹ́yìn ìsìn ìkínikáàbọ̀ àwọn ọmọ ọdún kìíní, mo jókòó ti arákùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìrẹsì ni àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Yorùbá pè mí láti tábìlì kejì. Mo gbé abọ́ mi, mo dìde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, òun nìkan ló kù. Kò padà wá sí ìdàpọ̀ wa mọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka Gálátíà 2. N kò mọ̀ pé èmi ni Pétérù.

Kò burú kí a sọ èdè wa. Ohun tó burú ni kí ẹni tí Kristi kú fún di àlejò nídìí oúnjẹ wa.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni Ọlọ́run kọ́ Pétérù nínú Ìṣe 10:9-28? Kí ló dé tó tún fi bẹ̀rù ní Áńtíókù?
2. Ta ni mo ti fi sílẹ̀ nídìí oúnjẹ rí?

Ohun ṣíṣe: Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti ẹnì kan tí kò gbọ́ èdè yín, kí ẹ sì bá a jẹun tán.

Àdúrà: Olúwa, wó ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.