Ṣé Kí Wọ́n Gé E Ni, Àbí Kí Wọ́n Fún Un Pọ̀?

Bí ìnáwó bá ti parí, gbólóhùn kan ló sábà máa ń jáde lẹ́nu oníbàárà tó bá kọjá sọ́dọ̀ onífídíò: "Ẹ bá mi dín in kù, kó lè wọ àwo kan." "Dín kù" yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Onífídíò lè gé ijó àwọn àna kúrò, ó ti dín in kù nìyẹn. Ó sì lè fi gbogbo ijó sílẹ̀, kó fún fídíò náà pọ̀ títí a ò fi ní dá ojú àwọn àna mọ̀. Òun náà ṣáà dín in kù.

Gígùn là ń gé, dátà là ń fún. Ẹni tó bá fún aṣọ mọ̀ pé aṣọ ò kúrú sí i, omi ló jáde. Kámẹ́rà DV máa ń kó nǹkan bí gígábáìtì 13 jọ ní wákàtí kan, DVD tó wọ́pọ̀ ò sì gbà ju 4.7 lọ. Fífún di dandan nìyẹn. Ibi tí a óò fún un dé ló kù. Bó bá jẹ́ wákàtí 1 lẹ fẹ́ kó wọ àwo náà, ìpín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan lè tó mẹ́gábíìtì 9. Bó bá di wákàtí 2, á já sí bíi 5. Bó bá di 4, kò ní tó 3 mọ́, ijó ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ìdí ni pé ohun tí kò bá yí padà nínú àwòrán, ẹ̀rọ kì í tún un kọ. Bàbá tó dúró ń gbàdúrà kò ni ẹ̀rọ lára. Agbo ijó tí gèlè, owó àti apá ń mì lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń fọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe fọ́ ní fò. Àwòrán tó pín sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ó fọ́. Wọ́n fún un jù ni. Àwo tó ń fò, ara rẹ̀ ló sábà máa ń ti họ. Bí ẹ bá ní ó ń fò nígbà tó jẹ́ pé ó fọ́ ni, àwo mìíràn ni wọ́n á kọ fún yín, àwòrán á sì tún fọ́ bákan náà.

"Ojúlówó" tí wọ́n fi ń pe àwòrán tó dára náà ń ṣìnà. Ayédèrú ni òdìkejì rẹ̀. Àwo tí onífíìmù fọwọ́ ara rẹ̀ tà, ojúlówó ni, kódà bí àwòrán inú rẹ̀ bá ṣú. Èyí tó dára lójú, ẹ ní ó mọ́ kedere.

Àwọn kan ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, pé fídíò ò lè gùn kó tún mọ́ kedere. Òwe náà ò bá ibí mu. DVD gbà kí ijó gba dátà púpọ̀, kí àdúrà gba díẹ̀. Pípín sí àwo méjì náà kì í ṣe tuntun: nígbà tí VCD gbòde, tí àwo kan ò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ, àwo méjì làwọn onífíìmù wa sábà máa ń pín fíìmù sí. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ wí fún onífídíò rèé: "Ẹ gé ìkíni tó gùn, ẹ má fún ijó jù, bí kò bá sì wọ àwo kan, ẹ pín in sí méjì."