Ọrun tó ṣeé tú sí méjì: ṣé àkọ̀ fáíbà lè gbà á dúró?

ÌBÉÈRÈ: Igi hickory ni mo fi gbẹ́ ọrun kan fúnra mi. Ó gùn tó ínṣì 66, agbára rẹ̀ sì jẹ́ páńdì 40 bí mo bá fà á dé ínṣì 28. Kò wọ bọ́ọ̀tì mọ́tò mi. Mo fẹ́ gé e láàárín, kí n fi aṣọ fáíbà àti epoxy ṣe àkọ̀ tí apá méjèèjì yóò máa wọ̀ sí. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣẹ́ mọ́ mi lójú. Ṣé ó ṣeé ṣe? — Olùkà kan, Birmingham

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ̀rù tó ń bà yín náà tọ́, torí àárín ọrun gan-an ni ìnira ti ń pọ̀ jù nígbà tí ẹ bá fà á dé òpin. Ẹnu àkọ̀ ni igi yóò máa tì, nítorí náà gígùn àkọ̀ ni ààbò yín. Bí igi bá wọlé ní ínṣì 2 péré lápá kọ̀ọ̀kan, agbára tí yóò máa ti ẹnu àkọ̀ lórí ọrun yín yìí yóò ju páńdì 200 lọ. Bó bá wọlé ní ínṣì 3, ìdá kan nínú mẹ́ta ìnira náà yóò kúrò.

Ẹ gbẹ́ ìdìmú náà kó rí bí ẹyin, torí igi roboto yóò máa yí nínú àkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ jẹ́ kí apá tí yóò máa yọ tín-ín-rín díẹ̀ sí ojú ibi gígé. Ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, ẹ fi ìda pa á, kí epoxy má baà mú un. Ẹ fi sáńpépà ha apá kejì, torí òun ni yóò lẹ̀ mọ́ àkọ̀ pátápátá. Ẹ wá to méjèèjì pọ̀, kí ẹ na okùn láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Okùn náà gbọ́dọ̀ gba àárín ìdìmú kọjá kí ẹ tó po epoxy.

Ẹ jẹ́ kí òwú fáíbà àkọ́kọ́ tẹ̀lé gígùn ọrun, kí àkọ̀ má baà tẹ̀. Ẹ wé èyí tó kù yí ká, kí ẹ fi kún un ní ẹnu méjèèjì, torí ibẹ̀ ni àkọ̀ ti máa ń là. Ẹ má jẹ́ kó fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún epoxy, ẹ sì bo imú nígbà tí ẹ bá ń ha fáíbà, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kó gbẹ tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo kí ẹ tó fà á yọ.

Ẹ má fi ọwọ́ dán an wò. Ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, kí ẹ fi okùn gígùn fà á díẹ̀díẹ̀ láti òkèèrè. Bí ìlà funfun bá yọ lẹ́nu àkọ̀, fáíbà ti ń ya nínú nìyẹn. Ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe òmíràn. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ oòrùn, torí ooru máa ń jẹ́ kí epoxy rọ̀.

Bó bá fà dé ínṣì 28 lára ògiri lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìlà funfun, ẹ mú ọfà yín kí ẹ máa ta á. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fa ọsán kí ẹ jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lójú rẹ̀. Gbogbo agbára tí ọfà ì bá gbé lọ, ara igi àti àkọ̀ ni yóò padà sí.