Omi Pọ̀ Ju Ọkà

Bí ọ̀ràn bá kọjá agbára ẹni, Yorùbá á ní omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Iyán ni tiwa ní Èkìtì, àmọ́ a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí: ó lè jẹ́ pé èlùbọ́ kò dín rárá, omi ló pọ̀ jù.

Ẹ fi í sọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún yín ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní E/U/Cr, ì báà ṣe ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, tàbí ní ilé-ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Na sí. Sódíọ̀mù nìyẹn, èròjà inú iyọ̀ ọbẹ̀. Àárín 135 sí 145 ló yẹ kó wà. Bó bá jẹ́ 120, ará ilé á ní, "Ẹ fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ Màmá." Ẹ dúró ná! Nọ́ńbà yìí kì í ka iyọ̀ tí a jẹ. Bí iyọ̀ àti omi ṣe ṣe déédéé sí nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ.

Màmá lè máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn máa tọ̀, bíi Moduretic, káwọn ọmọ sì máa rọ omi sí i lẹ́nu nítorí "omi ò lọ́tàá". Oògùn ń lé iyọ̀ jáde, omi ń wọlé. Orí á máa fọ́ Màmá, èébì á máa gbé e, títí tí á fi máa pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Àdúgbò á ní ayé ló ń ṣe é. Omi ló ń wọnú ọpọlọ, tí ọpọlọ ń wú. Bí gìrì bá mú un, tàbí tí kò gbọ́ ìpè mọ́, ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àìsàn ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ náà lè mú kí sódíọ̀mù lọ sílẹ̀ báyìí.

Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, àti àgbo, ẹ má tijú. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Bí dókítà bá ní kó dín omi kù, ìkà kọ́ ló ń ṣe. Bí wọn ò bá sì gbé nọ́ńbà náà sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ní sùúrù: bó bá yára gòkè jù, ó ń ba ọpọlọ jẹ́.

Iyọ̀ àjẹjù náà léwu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà àrùn Ẹ̀bólà, ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, wọ́n tún mu ún, wọ́n rò pé ó ń dènà àrùn náà. Ìròyìn kàn láti Jos pé èèyàn méjì kú.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá kọjá 145, kì í sábà jẹ́ pé iyọ̀ ló pọ̀ nínú ọbẹ̀. Bàbá arúgbó tí ibà dá dùbúlẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí kò lè dìde lọ bu omi: kí dókítà tó dé, ta ló gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?